Sípíkà Inú Àmù

Láti ìgbà tí Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú, Oyèbọ̀dé kò sunkún, ṣùgbọ́n kò lè fara da bí ilé ṣe dákẹ́. Kòróbá ọ̀dà ló sábà fi ń ṣe sípíkà. Lọ́tẹ̀ yìí, àmù olóògbé ló dá lu fún wáyà, ó sì de sípíkà rédíò àtijọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Irin gé e níka, kò tilẹ̀ mọ̀.

“Ṣé kòróbá ti tán nígboro ni?” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bi í. “Nílé wa, ńṣe la máa ń dojú àmù òkú dé. A kì í dá a lu.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, àmù máa ń jẹ́ kí ohùn rinlẹ̀.”

“Ohùn ta ni?”

Oyèbọ̀dé tún ìdè sípíkà náà fà le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ń ṣú. Kò tíì so wáyà mọ́ rédíò nígbà tí nǹkan họ ìdí àmù, bí ìgbà tí ife ń wá omi bù. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wúkọ́ nínú sípíkà.

“Bàbá Dèjì, ṣé ẹ ti jẹun?”

“Rárá,” ni Oyèbọ̀dé fèsì, bó ṣe máa ń fèsì fún Àṣàkẹ́ nírọ̀lẹ́.

“Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.”

Ó dìde, ó sì lọ ṣí i.