"A Kàn Jọ Ń Gbélé Ni"

Marlene ti búra tán níwájú adájọ́ ní Lubbock, ní Texas, pé òótọ́ lòun máa sọ. Adájọ́ bi í pé:

"Màdáámú, ọdún mọ́kànlá lẹ̀yin àti Delbert fi jọ gbé láìṣègbéyàwó. Ṣé ẹ pe ara yín níyàwó Delbert níta rí? Bí ẹ bá ti pe ara yín bẹ́ẹ̀, ìyàwó ni òfin Texas kà yín sí."

"Rárá, sà. A kàn jọ ń gbélé ni."

Orúkọ Marlene ló wà lórí ìwé ilé. Bí kò bá sí ìgbéyàwó, kò sí ìkọ̀sílẹ̀, kò sí pé à ń pín nǹkan.

Adájọ́ yíjú sí Delbert lórí kẹ̀kẹ́ arọ. "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rí yín dà?"

Delbert fọwọ́ kan àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo Marlene títí.

"Mi ò ní, sà."

Adájọ́ da ẹjọ́ nù.

Níta, Delbert yọ ìwé kan nínú àpò náà, ó nà án sí Marlene.

Ìwé ilé ìwòsàn ni. Lọ́jọ́ tí katakata tẹ Delbert lẹ́sẹ̀ rún, Marlene ló fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ. Ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: *ìyàwó rẹ̀*.

Marlene ká ìwé náà. "Kí ló dé tó ò fi hàn wọ́n?"

"O ti búra. Bí mo bá fi hàn wọ́n, wọ́n á ti ìyàwó mi mọ́lé."