Clement àti Àlàfo Tí Kò Fẹ́ Rí

Àléébù kan ṣoṣo ni mo mọ̀ mọ́ Clement, ọmọ Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n àléébù náà tóbi ju ilé lọ: ohun tí ojú rẹ̀ kò bá rí, lójú tirẹ̀, kò sí láyé. Iṣẹ́ kíkọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n díẹ̀. Díẹ̀ náà ni ó ń gùn ún gàlègàlè. Bí o bá pè é ní Clement lásán, kò ní dáhùn. "Injiníà" ni kí o pè é, kí o sì pè é sókè.

Òun àti Rájí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ni wọ́n jọ ń lo yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Rájí ti ṣètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí ó máa fi àlàfo hàn án. Níbikíbi tí ó bá ti fi àlàfo sí, ì báà jẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ tàbí ní ìparí rẹ̀, àmì kékeré kan yóò yọ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í fojú fo àlàfo. Bí ó ṣe ń ka lẹ́tà ni ó ń kà á.

Rájí ní, "Injiníà, sẹ́tíǹsì kan péré ló ń ṣe é. Tẹ̀ ẹ́, kí o lè máa rí ohun tí o ń kọ."

"Kí ìgbẹ́ eṣinṣin wá kún ojú kọ̀ǹpútà mi? Abeg! Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló nílò ìyẹn. Ojú tèmi mú."

Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹga, a ní ẹga ń pàtótó. Rájí fi í sílẹ̀.

Ní àkókò yìí, Clement fẹ́ gbé Déwùnmí, ọmọ Òkà, níyàwó. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ ẹni ní láti ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀: yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn óò gbé ọkọ́, wọn óò lọ bá àna ro oko. Ọ̀pọ̀ ti pa á tì, ṣùgbọ́n ìyá Déwùnmí ní òun fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ọmọ òun. Clement rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi, Injiníà, kí n máa ro ilá? Kọ̀ǹpútà ni màá fi ṣe ọ̀wẹ̀ tèmi."

Tòlótòló ni ìyá yìí ń sìn lórí òkè ní Òkà. Àrùn ti pa gbogbo wọn. Ẹyin tí wọ́n yé kẹ́yìn nìkan ló kù, ó sì kó wọn sínú àpótí kan, ó ń fi gílóòbù iná sàba wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń mọ ooru àpótí náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tan iná tí ó sì ń pa á. Bí ẹyin yìí bá pa, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá pa, ó parí nìyẹn.

Clement ṣèlérí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí yóò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń wọn ooru yóò sọ fún un pé "gbóná", kọ̀ǹpútà yóò pa iná. Ẹ̀rọ yóò sọ pé "tutù", kọ̀ǹpútà yóò tan án. Ó kọ ti "gbóná" tán, NEPA mú iná lọ, nítorí náà orí fóònù ni Clement ti kọ apá tó kù, ti "tutù", níbi tí ó ti ń gẹrun lọ́wọ́. Ẹ sì mọ ìwà fóònù: bí ó bá ti bá ọ parí ọ̀rọ̀ tí o ń tẹ̀, yóò fi àlàfo tì í lẹ́yìn. Ó fi í ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lórí Wáàsáàpù, ó dà á sórí kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni àlàfo kan ṣe jókòó sẹ́yìn "tutù", tí kò sẹ́ni tó rí i.

Ọ̀sán gangan, nínú oòrùn Ìkàrẹ́, ni ó dán an wò. Àpótí gbóná, iná kú. Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ti òtútù ńkọ́? Kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Rájí ní, "Jẹ́ kí n bá ọ wò ó."

"Wo kí ni?" ni Clement wí. Ó so táì mọ́rùn, ó wọkọ̀ lọ sí Òkà.

Ó to ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀ lójú mọ̀lẹ́bí, ó sọ òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ìyá náà rọra béèrè pé, "Clement ọmọ mi, ṣé kí n ṣì máa fọwọ́ kàn án wò?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, Màmá! Ẹ óò bà á jẹ́ ni. Ẹ sinmi."

Màmá gbọ́ràn. Àpótí gbóná tó, kọ̀ǹpútà pa iná. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ lórí òkè Òkà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ̀rọ wí pé "tutù", kọ̀ǹpútà ń retí "tutù" tó ní àlàfo lẹ́yìn. Kò rí i, kò sì ṣe nǹkan kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ara ìyá náà kò gbà á mọ́. Ó ṣí àpótí, ó fọwọ́ kan ẹyin, ó kígbe. Ó fọ́ ọ̀kan wò: ọmọ inú rẹ̀ ti hùyẹ́, ó ti kú. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó sì dùn mí títí di òní.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Clement àti Rájí. Rájí tẹ sẹ́tíǹsì náà lórí kọ̀ǹpútà Clement, àmì kékeré yọ lẹ́yìn "tutù", gbogbo ilé rí i. Clement ní, "Fóònù ló fà á."

"Ta ló bá fóònù wí?" ni ìyá náà wí. "Mo bi ọ́ pé ṣé kí n máa fọwọ́ kàn án wò, o ní kí n sinmi. Ṣé bí o ṣe máa máa dá ọmọ mi lóhùn nìyẹn?"

Déwùnmí kò jẹ́ kó dáhùn. Ó bọ́ òrùka tí Clement fún un kúrò lọ́wọ́, ó gbé e lé orí àpótí, ó mú ìyá rẹ̀ wọlé. Clement sọ̀kalẹ̀ láti Òkà ní òun nìkan, ṣùgbọ́n ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé Ìkàrẹ́. Wọ́n ṣì ń pè é ní Injiníà, wọ́n sì ń pè é sókè bí ó ti fẹ́. Injiníà Òbu ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ díẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a kò rí ló ń pani lára bí kò ṣe ohun tí wọ́n ní ká wò, tí a ní a kò ní wò. Ẹni tó bá sọ pé kí o jẹ́ kí òun bá ọ wo iṣẹ́ rẹ kò bú ọ. Ẹni tó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú nǹkan kí o tó dé, má ṣe gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ nítorí pé o mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Clement ti tẹ sẹ́tíǹsì náà báyìí, àmì kún ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí tòlótòló kankan mọ́ lórí òkè lọ́hùn-ún.