Lẹ́tà Dókítà Tí Kò Dé Ọwọ́ Máníjà

Olúgbádé kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í mutí, kì í sì í pa ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Àléébù kan ṣoṣo tí ó ní tó láti ba ìwà rere mẹ́wàá jẹ́: ohun tí a bá fi lé e lọ́wọ́ kì í dé ibi tí a rán an, bí àǹfààní ara rẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà. Ọ̀dàlẹ̀ ni.

Adégbóyè ni ó mú un wá sí Ìbàdàn láti Ṣakí, ìlú àwọn méjèèjì. Ó gbà á sílé ní Agbówó fún oṣù mẹ́jọ, ó sì bá a wá iṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Dùgbẹ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ olórí yàrá ẹ̀rọ. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní ọdún 1965, inú rírun kan mú Adégbóyè lábẹ́ ìhà ọ̀tún, kò sì jẹ́ kí ó jẹun. Àwọn dókítà rí òkúta nínú àpò òróòro rẹ̀. Wọ́n la ikùn rẹ̀, wọ́n yọ àpò náà kúrò. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ tí ó ń lọ sílé, dókítà kìlọ̀ fún un.

"Awọ òde ti lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran inú kò tíì lẹ̀. Ẹ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má sì gbé ohun wúwo títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà fún máníjà ilé iṣẹ́. Adégbóyè ní kí Ọlárónkẹ́, ìyàwó rẹ̀ tí í ṣe ìyá Gbémisọ́lá ọmọ wọn, fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Olúgbádé tí ó wá kí i bú sẹ́rìn-ín.

"Bùrọ̀dá mi, ṣé mo ti kú ni? Ẹ gbé e wá jàre."

"Má gbàgbé o," ni Ọlárónkẹ́ wí. "Iṣẹ́ ọkọ mi ni ó wà nínú ìwé yẹn."

"Ìyá Gbémisọ́lá, ẹ máa gún iyán yín. Èmi ni ẹ fún, ó ti dé nìyẹn."

Olúgbádé já lẹ́tà náà kí ó tó dé Dùgbẹ̀. Nígbà tí ó rí oṣù mẹ́ta, ọkàn rẹ̀ fò lọ sórí ipò Adégbóyè. Ní ilé ìtẹ̀wé, ìwé tí kò wúlò mọ́ ni wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ ohun tí ó bá ń mì. Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, ó fi tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan, ó sì dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún wá sí Agbówó.

"Bùrọ̀dá, ẹni tí Ọlọ́run yọ lọ́wọ́ ọ̀bẹ kì í jókòó sílé láìdúpẹ́. Gbogbo ìjọ ń retí yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adégbóyè lára. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó rọra jó dé iwájú pẹpẹ, ó fi ọwọ́ kan di ìhà mú. Olúgbádé ni ó ń nu òógùn fún un. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Olúgbádé wọlé tọ Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú, máníjà wọn. "Sà, ẹni tí a ń pè ní aláìsàn jó dé iwájú pẹpẹ lánàá. Gbogbo ìjọ ni ẹlẹ́rìí."

"Kò tilẹ̀ kọ̀wé sí mi!" ni máníjà wí. "Sọ fún un kí ó wá lọ́la, bí kò bá fẹ́ kí n fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀."

Olúgbádé jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì bu irọ́ mọ́ ọn. "Wọ́n ti ka lẹ́tà yín, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò sí ní ilé iṣẹ́ àwọn. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ sí wọn létí o, inú ń bí wọn."

Adégbóyè padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Olúgbádé ni ó bá lórí àga rẹ̀.

"Máníjà ní kí n ṣì máa ṣe olórí ná, títí inú wọn yóò fi rọ̀," ni Olúgbádé wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹrù ìwé wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, Bùrọ̀dá."

"Bá mi mú etí kan."

"Ọwọ́ mi dí."

Adégbóyè gbé e. Ó gbọ́ nǹkan kan já nínú ikùn rẹ̀, ó sì wólẹ̀ sórí ẹrù náà. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi táksí gbé e padà sí ilé ìwòsàn.

Dókítà bínú. "Ta ni ó gbé lẹ́tà mi?" Ó kọ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọlárónkẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé Dùgbẹ̀, ó fi lé máníjà lọ́wọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Èyí ṣe ìkejì, sà. Olúgbádé ni a fún ní èkíní."

"Wọn kò fún mi ní nǹkan kan!" ni Olúgbádé kígbe. "Mo fi Bíbélì búra."

Mùsílíù, àgbà òǹtẹ̀wé, wo ilẹ̀ yàrá náà. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí tábìlì yìí ti ń mì," ni ó wí. "Láìpẹ́ yìí ni mo rí i tí Olúgbádé bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti mì mọ́." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìwé kan yọ. Orúkọ máníjà ni ó wà lórí rẹ̀. Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Wọ́n lé Olúgbádé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó lọ bẹ Adégbóyè lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ kan péré ni ó bá níbẹ̀: "Olúgbádé, ìwọ ni mo fún." Adégbóyè kọjú sí ògiri. Wọ́n dá ipò rẹ̀ padà fún un nígbà tí ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Kò lè gbé ohun wúwo mọ́ láéláé.

Olúgbádé rí iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ onípákó kan ní Ring Road. Ní ọdún kejì, wọ́n la ikùn fún òun náà, dókítà sì kọ lẹ́tà ìsinmi fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i ní ilé rẹ̀ ní Challenge.

"Ẹ jẹ́ kí a bá yín gbé e fún ọ̀gá."

Ó wo ọwọ́ tí wọ́n nà sí i, ẹ̀rù bà á. Kò fún wọn. Ó fi ọwọ́ di ikùn, ó rìn láti Challenge dé ibi iṣẹ́, òógùn bò ó. Ọ̀gá wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹni tí ó lè fẹsẹ̀ rìn dé ibí lónìí," ni ó wí, "lè wá ru pákó lọ́la." Ó ju lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kò ṣí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ rántí pé ẹni tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn kò ní ẹsẹ̀ bí kò ṣe ẹsẹ̀ ẹni tí ó rán níṣẹ́. Bí ó bá fi ìwé lé ọ lọ́wọ́, ara rẹ̀ ni ó fi lé ọ lọ́wọ́ yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdúpẹ́ tàbí ìbẹ̀rù lé yín padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọjọ́ tí dókítà dá tó pé. Ọlọ́run gba ọpẹ́ ẹni tí ó wà lórí ẹní pẹ̀lú. Ìyà tí ó tóbi jù fún ọ̀dàlẹ̀ kì í ṣe pé ènìyàn kò ní fọkàn tán an mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni kò ní lè fọkàn tán ẹnì kan láyé.