Ògiri Tó Ń Bèèrè Orúkọ

Ìyá Dámọ́lá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣì wà láyé nígbà náà. Eegun itan tó kán ni wọ́n tò fún un lọ́sibítù. Láràárọ̀ ni ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì máa ń ní kí arúgbó dárúkọ àlejò rẹ̀, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá iyè rẹ̀ ti ra. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, yàrá àdágbé ló ń lọ, ẹbí ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

“Kí lorúkọ àlejò yín, Mama?”

“Eyínfúnjowó ni.”

“Rárá o. Fadérera ni.”

Mo ní, “Ìyàwó wa, eyín wo ló kù lẹ́nu mi? Dárúkọ mi jàre, mo yọ̀ǹda.”

“Háà! Ẹ̀yin tí mo bá nílé ọkọ? Ẹnu mi ò gbà á.”

Ní àárọ̀ kẹta, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn gíláàsì yàrá àdágbé ni mo ń dúró sí lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo gbọ́ tó ń ké pé, “Fadérera! Fadérera!” bí ẹni ń pe ọmọdé tó pẹ́ lódò.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sí mi. “Mama, ẹ dúpẹ́, iyè wọn ti padà.”

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé iyè rẹ̀ ti ra lóòótọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló dákẹ́.