Pèpéle Bàbá

Ní agboolé kan lẹ́yìn Ọjà'ba, bíríkìlà ń fi ṣóńṣó ìṣó kọ̀wé sára sìmẹ́ńtì tútù: ÌRÁNTÍ BÙRÁÍMỌ̀ ÀLÀÓ TÓ KỌ́ ILÉ YÌÍ. Ó PAPÒDÀ LỌ́DÚN 1958, LỌ́JỌ́...

Arúgbó kan tójú rẹ̀ ti fọ́ fi ọ̀pá wá ọ̀nà débẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Bùráímọ̀ ni mo nilé. Kí lẹ ń bá wa ṣe?"

Ọwọ́ bíríkìlà dúró gbagidi. Màmúdù, àkọ́bí arúgbó náà, tó gbéṣẹ́ fún bíríkìlà, ló yára dáhùn.

"Pèpéle ni, Bàbá, kẹ́ ẹ lè máa ríbi gbatẹ́gùn."

"Ọmọ tó dáa! Àwọn ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ."

"Àmín, Bàbá."

"Ṣé kò ní pẹ́ gbẹ?"

"Kò ní pẹ́ rárá."

Arúgbó ń ṣàdúrà wọlé lọ.

"Ṣé kí n fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ ni?" Bíríkìlà bi Màmúdù.

"Ẹ kọ tòní." Màmúdù kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Sìdí, ẹ̀kọ tí mo ní kẹ́nikẹ́ni má tọ́ wò yẹn, gbé e lọ fún Bàbá."

Sìdí gbé abọ́ kọjá. Sìmẹ́ńtì ti ń le. Bíríkìlà tètè kọ ọ́.