Àpá Ikùn Bísọ́lá

Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Ayọ̀túndé, ni ó mú Bísọ́lá wá sílé wọn ní Saddle Ridge wá fi han ìyá rẹ̀. Ìyá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń pè é ní ìyàwó mi kí ọbẹ̀ tó hó.

Bí Bísọ́lá ṣe nawọ́ gbé ìkòkò lókè, ẹ̀wù rẹ̀ ká sókè, Ìyá sì rí àpá gbọọrọ kan tó dábùú ikùn rẹ̀. Ó rọra bi í léèrè. Bísọ́lá ṣàlàyé pé ìfun òun ti dí láti inú oyún, wàrà ò lè kọjá, ni àwọn dókítà ní Iléṣà fi la ikùn òun, wọ́n gé ibi tó dí, wọ́n rán ìyókù pọ̀. Òun ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan nígbà náà. Màmá tó tọ́ òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá pa iná ọbẹ̀. 

Lọ́jọ́ kejì, ogun dé. Ìyá ní àpá ọmọ bíbí ni, pé ọmọbìnrin náà ti bímọ síbì kan, ó sì tún ju Ayọ̀túndé lọ lọ́jọ́ orí. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ ọ́ létí Bísọ́lá fúnra rẹ̀, kò wojú rẹ̀.

Bísọ́lá lọ bá dókítà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ìkókó ni, kò bímọ rí. Ayọ̀túndé mú ọ̀rọ̀ náà wálé, ó rò pé ìjà ti parí.

"Dókítà kọ́ ló fẹ́ fẹ́ ẹ," ni Ìyá wí.

"Mummy, wọ́n ti lay me off. Ẹ tún fẹ́ gba èyí náà lọ́wọ́ mi?"

"Bó bá ṣe pé ọmú àyà mi yìí lo mu, o ò ní fẹ́ ẹ."

Ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ọmú ṣeré. Ayọ̀túndé jáwọ́. Bísọ́lá sunkún lórí fóònù, ó ní ìkà ni ìyá rẹ̀, Ayọ̀túndé kò sì jiyàn. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí basement, kò bá ìyá rẹ̀ jẹun mọ́.

Lókè, Ìyá jókòó létí fèrèsé, ó ń pe orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fún ọmọ náà ní Iléṣà, Ọmọlará, kó tó sá fi í sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì kan, tòun ti ojú abẹ tútù níkùn.