Verna Kọ́ Ìbọn Ṣakabùlà

Nígbà tí Harlan Hostetter kú, ibùsùn rẹ̀ ṣófo ní àgọ́ ọdẹ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí òkè Potter, ní Pennsylvania. Verna, aya rẹ̀, ní òun fẹ́ jókòó sí ipò ọkọ òun. Merle, àbúrò olóògbé, ni olórí àgọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i láyà.

"Ìyàwó wa, obìnrin kì í ṣe ọmọ àgọ́ yìí. Àfi bó o bá fi ṣakabùlà pa àgbọ̀nrín kí ọdún tuntun tó wọlé. Bó o bá tàsé, ọjọ́ náà lo máa lọ."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni Verna wí. "Mo gbà."

Bàbá Clayton, àgbà àgọ́ náà, ni ó kọ́ ọ. Ọmọbìnrin Clayton ti pa àgbọ̀nrín ní èṣí; Merle ní oríire lásán ni, ó sì dá a padà sílé. Clayton kò mẹ́nu ba ìyẹn. Ó kọ́ Verna bí a ti ń wọn ètù sẹ́nu ìbọn, bí a ti ń fi àkísà tí a pa lọ́ràá wé ọta, tí a ó sì fi ọ̀pá kì í wọlé.

"Tì í, Verna! Ọ̀pá yẹn ò ní bù ọ́ jẹ."

"Bàbá, ó le bí orí Merle!"

Kí oṣù kọkànlá tó parí, elégédé tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìdánrawò, èyí tí Verna bá dojú ìbọn kọ kì í ṣẹ́kù.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọdẹ bẹ̀rẹ̀. Àlejò kan tí Merle pè wá tàsé. Ó fọ àwo gbogbo ilé, nítorí ìyẹn ni ìjìyà àlejò tó bá tàsé. Etí ẹ̀wù tí a gé lára àwọn ọmọ àgọ́ tí wọ́n ti tàsé rí ni a kàn mọ́ ògiri lókè orí rẹ̀. Ti Merle jẹ́ mẹ́ta. A kì í yọ wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, yìnyín bo ilẹ̀. Verna ki ìbọn rẹ̀. Ọ̀pá yọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Akọ àgbọ̀nrín kan jáde sí iwájú rẹ̀, ó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rí èémí imú rẹ̀. Verna yìnbọn. Nígbà tí èéfín ká, ẹranko náà wò ó, ó sì rọra bá tirẹ̀ lọ.

Merle tọ ipasẹ̀ rẹ̀, kò rí ẹ̀jẹ̀. Orin ni ó ń kọ wọlé.

"Àlùmọ́gàjí dà?"

"Merle, ẹ̀wù mi dára o," ni Verna wí. "Ṣé kì í ṣe àwo ló yẹ kí n lọ fọ̀?"

"Àwo kẹ̀! O ní o fẹ́ ṣe bí ọkùnrin. Dúró níbẹ̀!"

Ó gé etí ẹ̀wù náà, ó kàn án mọ́ ògiri, ó sì kọ orúkọ Verna sí i. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, di ẹrù rẹ."

Clayton gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Merle, ẹ̀wù ta ló máa ń wà lára ògiri yẹn?"

"Ti ọmọ àgọ́."

"A ti gé ti àlejò rí?"

Òòlù ṣì wà lọ́wọ́ Merle.

Verna gbé àpò rẹ̀ ka orí ibùsùn Harlan, ó jókòó tì í. "Bó bá dùn ọ́," ni ó wí, "wá yọ ọ́."

Clayton padà sídìí kọfí rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé nígbà tí Verna ń ki ìbọn láàárọ̀, òun rí i tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọta sílẹ̀, tí ó kàn ki ètù nìkan.